Wọ́n de ẹrù, wọn ò de èèyàn

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹ̀yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ló wà. Ó gun orí òkìtì àga rọ́bà, ó na ẹsẹ̀ lé kánópì tí wọ́n ti ká jọ, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́lẹ́. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìgbádùn." Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ọmọ yìí wà o. Òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń bá àwọn tó ń yá kánópì àti àga fún òde àríyá ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, kó lè rí owó dátà àti owó oúnjẹ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń lọ.

Mo fi ìka méjì fa fọ́tò náà kó tóbi. Kì í ṣe ojú rẹ̀ ni mò ń wò, okùn ni mò ń wò. Wọ́n fi okùn de àwọn àga yẹn láti ọ̀tún dé òsì, wọ́n tún fi òmíràn dè é láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n wá ta kókó rẹ̀ mọ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Kánópì náà, wọ́n dè é. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n dè é. Nínú gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, àbúrò mi àti ọmọkùnrin kejì tó jókòó tì í nìkan ni wọn ò dè mọ́ nǹkan kan.

Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Bó o bá jábọ́ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Mo di irin mú dáadáa."

Ọ̀rọ̀ "mo di irin mú" yẹn ló gbé mi jókòó ti kọ̀ǹpútà láti kọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí, torí kì í ṣe òun nìkan ló gbà á gbọ́. Ìyá tó gbé ọmọ lé itan níwájú ọkọ̀ gbà pé òun ti di ọmọ òun mú. Kọndọ́ tó so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà dáńfó gbà pé òun ti di irin mú. Àwọn tó ń gun orí àpò àlùbọ́sà lórí tírélà láti òkè Ọya wá sí Mile 12, àwọn náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wo ọwọ́ yẹn, ká mọ ohun tó lè dì mú gan-an.

Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nínú dáńfó nígbà tí dírẹ́bà bá ṣàdédé tẹ bíréèkì. Gbogbo yín lẹ máa tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ẹ jọ ń kí ọba. Kò sẹ́ni tó tì yín. Ọkọ̀ ló dúró, ara yín ni kò tíì gbọ́. Isaac Newton kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1687 pé ohun tó ń lọ yóò máa lọ bẹ́ẹ̀, ní eré kan náà, lójú ọ̀nà kan náà, àyàfi bí ipá kan bá dá a dúró. Inertia ni wọ́n ń pè é nínú físíìsì. Tí ọkọ̀ bá ń sáré kìlómítà 54 ní wákàtí kan, ìwọ tó o jókòó sínú rẹ̀ tó ò ń tẹ fóònù, ìwọ náà ń sáré kìlómítà 54 ni. Ó kàn jẹ́ pé ara rẹ ò mọ̀ ni.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú 54 yẹn torí pé ó rọrùn láti ṣírò: mítà 15 ni ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe eré àsápajúdé. Ọkọ̀ tó kó kánópì náà lè sá a tí ọ̀nà bá dára díẹ̀. Tó o bá fẹ́ mọ bí eré yẹn ṣe pọ̀ tó lára èèyàn, bi ara rẹ pé láti ibo lo ti máa jábọ́ kó o tó fi irú eré bẹ́ẹ̀ kanlẹ̀. Nǹkan bíi mítà 11 àbọ̀ ni. Orí òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta nìyẹn. Kò sí ọmọ tó máa jókòó sétí òrùlé bẹ́ẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ò ní figbe ta, ì báà di irin mú tàbí kó má di irin mú. Tí dírẹ́bà bá wá sọ eré náà di ìlọ́po méjì, ìyẹn kìlómítà 108, gíga náà ò ní jẹ́ ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni: mítà 46. Cocoa House tó wà ní Dùgbẹ̀ ga tó mítà 105. Wá ibi tí ìdajì rẹ̀ wà, kó o sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ láti ibẹ̀, wàá rí ohun tí mò ń sọ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọwọ́ tó di irin mú. Àbúrò mi á wọn tó kílò 60. Tí dírẹ́bà bá kàn tẹ bíréèkì gidigidi torí pé ewúrẹ́ sá sọdá, láìkọlu nǹkan kan rárá, ipá tí ọwọ́ rẹ̀ máa fi fa ara rẹ̀ padà á tó ìwọ̀n ẹrù kílò 43. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ǹtì kan, láìròtẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí òógùn ti mú kó máa yọ̀. Ó ṣeé ṣe kó dì í mú. Ó sì ṣeé ṣe kó má dì í mú, pàápàá tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ ya fọ́tò nígbà yẹn.

Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá wá forí sọ igi tàbí ọkọ̀ mìíràn, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rún wọlé, ó lè jẹ́ pé láàárín sẹ̀ǹtímítà 75 péré ni gbogbo eré yẹn ti máa tán. Ẹni tó bá so mọ́ ọkọ̀ náà, tó sì bá a dúró láàárín ìwọ̀n yẹn, ipá tó máa bà á tó ìlọ́po 15 ìwọ̀n ara rẹ̀. Fún ẹni tó wọn kílò 60, ìyẹn ju kílò 900 lọ. Àpò sìmẹ́ǹtì 18. Kò sí ọwọ́ ọmọ èèyàn tó lè di àpò sìmẹ́ǹtì 18 mú. Ìyá tó gbé ọmọ kílò 10 lé itan yẹn, àpò mẹ́ta ló fẹ́ dì mú, òun fúnra rẹ̀ sì ń fò lọ síwájú lákòókò kan náà.

Ẹni tí kò so mọ́ nǹkan kan ńkọ́? Òun ò ní bá ọkọ̀ dúró. Á máa bá eré rẹ̀ lọ títí tó fi máa kan nǹkan líle, bóyá gíláàsì, bóyá irin, bóyá ọ̀dà títì. Ibẹ̀ ni gbogbo eré náà gbọ́dọ̀ ti tán láàárín bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ ṣe ìṣirò kan náà pẹ̀lú àyè tó kéré yẹn, ẹ máa rí i pé ó di àpò sìmẹ́ǹtì 275. Eré kan náà ni, ara kan náà ni. Ibi tí eré ti tán ló yàtọ̀.

Èyí ló fà á tí mi ò fi fara mọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì bí ẹni pé ó kàn ń dá èèyàn dúró. Okùn náà lè dá èèyàn dúró. Iṣẹ́ bẹ́líìtì ni láti mú kó o pín nínú àyè tí ọkọ̀ fi dúró, kó má jẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń wá ibi tí o máa dúró sí. Aṣọ rẹ̀ fẹ̀ kí ipá náà lè tàn ká. Ó ń gba orí egungun èjìká, ó gba àárín àyà, ó sì gba egungun ìbàdí, àwọn ibi tó le jù lára wa. Ó máa ń nà díẹ̀ lábẹ́ ipá ńlá, nínà yẹn náà sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ fún aláboyún pé kó jẹ́ kí èyí tó gba ìsàlẹ̀ wà lábẹ́ ikùn, lórí egungun ìbàdí, kó má gba orí oyún.

Tẹ́ ẹ bá wà nínú ọkọ̀ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ṣì dára, ẹ dán an wò. Ẹ rọra fà á, ó máa tẹ̀ lé yín. Ẹ já a gbà lójijì, ó máa há. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́, gẹ́gẹ́ bí dírẹ́bà kan ṣe sọ fún mi ní Chállẹ́ńjì tó fi gé e dànù. Ohun kan wà nínú àpótí kékeré tó ká sí tó máa ń mọ̀ tí okùn náà bá sáré jù tàbí tí ọkọ̀ bá dúró lójijì, á sì fi eyín kọ́ ọ. Inertia kan náà tó fẹ́ jù yín síta ni wọ́n lò láti ti bẹ́líìtì pa. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn púpọ̀.

Bí ara èèyàn ṣe lè fara da ipá tó bá so mọ́ nǹkan, ẹnì kan ti fi ara rẹ̀ dán an wò. John Paul Stapp, dókítà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà, jókòó sórí ohun ìrìnnà kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì lórí irin rélùwéè ní aginjù New Mexico, ní oṣù Kejìlá ọdún 1954. Wọ́n fi bẹ́líìtì dì í gbọningbọnin. Ó sáré kọjá kìlómítà 1,000 ní wákàtí kan, ó sì dúró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ó lé díẹ̀. Ipá tó bà á ju ìlọ́po 40 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ kún ẹyinjú rẹ̀, kò ríran fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ó yè é. Ọdún 1999 ló tó kú, lẹ́ni ọdún 89. Ọkùnrin yìí kan náà ló wá fi ọ̀pọ̀ ọdún bẹ àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí wọ́n jẹ́ kí bẹ́líìtì wà nínú gbogbo mọ́tò.

Èyí tá à ń lò lónìí, tó gba èjìká tó sì gba ìbàdí, Nils Bohlin ló ṣe é fún Volvo ní Sweden ní 1959. Iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni àga tó máa ń ju awakọ̀ òfurufú síta nígbà ewu. Ilé iṣẹ́ náà gbà kí àwọn tó ń ṣe mọ́tò káàkiri ayé lò ó láìsanwó. Ẹ rò ó wò ná: ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lè dín ewu ikú èrò inú ọkọ̀ kù tó ìdajì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi sílẹ̀. Àwa wá ń gé e láti fi so ilẹ̀kùn bùútù.

Tá a bá dé ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn ò sí níbẹ̀. Kò sí àga tó ní ẹ̀yìn, kò sí ohun tó gbá orí mú, kò sí ojú irin tí wọ́n ti fún lágbára níbi tí bẹ́líìtì lè kọ́ sí, kò sí òrùlé. Ẹnì kan máa bi mí pé, "Ṣebí ká fi okùn de àbúrò yín náà mọ́ ọn?" Rárá o. Okùn ò fẹ̀, inú ikùn tàbí ìhà ló máa wọ̀. Tí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹni tí wọ́n dè mọ́ ọn máa wà láàárín irin àti ilẹ̀. Ní California, òfin ò gbà kí èèyàn jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù lójú títì àyàfi tí ohun ìdèmọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí bá wà níbẹ̀, tí wọ́n ṣe fún èèyàn. Kì í ṣe okùn tí wọ́n fi ń de iṣu.

Ẹrù fúnra rẹ̀ tún jẹ́ wàhálà mìíràn. Ẹni tó jókòó sáàárín ẹrù rò pé ẹrù máa dáàbò bo òun bíi ìrọ̀rí. Ẹrù náà ní inertia tirẹ̀. Tí okùn bá já, gbogbo rẹ̀ á gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó gun orí ẹrù sì tún ń ṣe nǹkan kan tí kò mọ̀: ó ń gbé ìwúwo ọkọ̀ náà lọ sókè. Ẹ wo ìyá tó ru agbọ̀n tòmátì gíga, bó ṣe máa ń rọra yí ọrùn tó bá fẹ́ yà sí kọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé bí ìwúwo bá ti wà lókè, díẹ̀ báyìí ló kù kó dà nù. Ọkọ̀ tí wọ́n di ẹrù rẹ̀ ga, tí ọmọkùnrin márùn-ún tún wà lórí rẹ̀, bí ó ṣe ń wọ kọ́nà Òkè-Ògùn nìyẹn, àmọ́ dírẹ́bà rẹ̀ ò ní ọrùn ìyá yẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ìyá mi àgbà wọ bọ́lẹ̀kájà dàgbà, ọkọ̀ ẹrù onípákó tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sínú rẹ̀, èèyàn àti adìyẹ àti àpò gààrí gbogbo pọ̀. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé a rò pé a ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ dáńfó tó ń ná Èkó àti Ìbàdàn kì í ṣe ọkọ̀ èrò látilẹ̀wá. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrù nílùú òyìnbó ni, tí wọ́n kó wá ní tòkunbọ̀. Àwọn tó ń jó irin ló gé ara rẹ̀ ṣe fèrèsé, wọ́n jó irin bẹ́ǹṣì mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n kun ún ní yẹ́lò. Èmi àti ẹ̀yin tá a jókòó ní mẹ́rin-mẹ́rin sínú rẹ̀, inú àyè ẹrù la wà. Kò sí ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti rò pé èèyàn máa jókòó síbẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tí wọ́n fi bẹ́líìtì kọ́ sí. Tí bẹ́ǹṣì kan bá já kúrò nílẹ̀, gbogbo ẹni tó wà lórí rẹ̀ á di ẹrù.

Ẹ má sì gbàgbé bùútù o. Mélòó nínú wa ni wọ́n ò kó sínú bùútù wágọ̀nù tàbí jíìpù nígbà kékeré, pé kí àwọn àgbà lè ráyè jókòó? Èmi jókòó síbẹ̀ dáadáa. Ó dùn mọ́ wa, a máa ń juwọ́ sí àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe kó rún wọlé tí ọkọ̀ mìíràn bá gbá a lẹ́yìn.

Èsì tí mo máa ń gbọ́ jù tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí ni pé, tí ikú bá dé, bẹ́líìtì ò lè dá a dúró. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà lórí orí àti àyànmọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í gbé owó wọn sílẹ̀ láìtìlẹ̀kùn, wọn kì í sì í sọdá márosẹ̀ láìwo ọ̀tún wo òsì. Èkejì ni pé bẹ́líìtì lè há èèyàn mọ́ inú iná. Èyí ní làákàyè nínú ju ti ìṣáájú lọ, torí iná máa ń jó ọkọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jáde nínú iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lójú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kán, kí orí rẹ̀ má fọ́. Bẹ́líìtì ló ń fún un láyè yẹn. Títẹ ìdè bẹ́líìtì kì í gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ. Kí èèyàn tó jí láti inú dákú ńkọ́?

Ẹ̀kẹta ni "ẹ̀yìn ni mo jókòó." Ẹni tó jókòó sẹ́yìn tí kò de bẹ́líìtì, orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń lọ, pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì tá a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Àǹtí mi kan wà ní Peckham. Lọ́hùn-ún, kò ní jẹ́ kí táásì gbéra kó tó de tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló jókòó, torí òfin Britain ti kan àgbàlagbà tó jókòó sẹ́yìn láti 1991. Tó bá ti balẹ̀ sí Ìkẹjà, tá a lọ pàdé rẹ̀, a ò ní tíì kúrò ní èbúté ọkọ̀ òfurufú tó fi máa ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi bẹ́líìtì ṣe, ilé la wà." Mo bi í pé ṣé Newton ò ní físà Nàìjíríà ni. Ó ní mo ti gbó lẹ́nu jù.

Àwa náà ní òfin. Òfin ìrìnnà ojú pópó ní Nàìjíríà kan awakọ̀, ó kan èrò. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sì máa ń pariwo nígbà gbogbo pé kí wọ́n yéé kó èèyàn mọ́ ẹrù àti màlúù lórí tírélà. Ó yẹ ká rántí pé ilẹ̀ wa níbí ni irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀: ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ní ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ láti 1977, Wole Soyinka sì wà lára àwọn tó dìde sí i torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tó ń kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe alága. Ṣùgbọ́n bá a ṣe ń pa òfin yẹn mọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Tá a bá rí wọn níwájú, dírẹ́bà á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á lé àyà." Tá a bá ti kọjá, ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹni tó wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù ò tiẹ̀ ní nǹkan kan tó máa fà lé àyà. Á kàn tẹrí ba.

Mi ò wá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń pe ọlọ́pàá sí àbúrò mi. Ní 2017, ìjọba Thailand ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù mọ́, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe ọdún Songkran tí gbogbo ayé máa ń wọlé lọ bá òbí. Àwọn èèyàn fárí gá, torí ọkọ̀ yẹn náà ni ọkọ̀ ìdílé tálákà, kò sí òmíràn. Kò pẹ́ tí ìjọba fi dẹwọ́. Físíìsì wà lọ́wọ́ ìjọba o, mi ò jiyàn rẹ̀. Àmọ́ òfin tí kò bá bi ara rẹ̀ pé kí ni èèyàn máa wọ̀ dípò rẹ̀, ariwo ló máa dá sílẹ̀.

Ní tèmi, orí ẹni tó ni ẹrù ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ já lé. Ẹni tó ń yá kánópì máa ń ṣírò owó epo, ó ń ṣírò owó dírẹ́bà, ó ń ṣírò owó àga tó bá ṣẹ́. Kí ló dé tí owó ọkọ̀ àwọn ọmọ tó máa gbé e ò sí nínú ìṣirò yẹn? Bákan náà ni fún agbáṣẹ́ṣe tó ń fi típà kó lébìrà lọ síbi iṣẹ́, àti oníjó tó ń kó àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ sípíkà. Àwa tí à ń gbé òde náà kẹ́, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: "Báwo làwọn ọmọ yìí ṣe máa dé ibí?" Ti dáńfó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní purọ́. Síbẹ̀, tí ìjọba bá lè sọ irú àwọ̀ tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kùn, ó lè sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ de bẹ́ǹṣì mọ́ ilẹ̀.

Ẹni tí kò bá sì rí ọ̀nà mìíràn gbà lónìí, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa wà, kó jókòó sílẹ̀ pátápátá, kó fẹ̀yìn ti ara orí ọkọ̀, kó má gun orí ẹrù, kó má sì jókòó sétí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láéláé. Kó bẹ dírẹ́bà kó rọra. Ìdajì eré á sọ agbára tó wà nínú rẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí ò sọ ibẹ̀ di ibi tó dára o. Ó kàn ń dín in kù ni.

Mo fi ìṣirò àpò sìmẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. Lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó fi fọ́ìsì nóòtì ránṣẹ́. Ó ní òun ti bá ọ̀gá òun sọ ọ́, ọ̀gá sì ní owó ọkọ̀ ò sí nínú àdéhùn, pé tí òun ò bá fẹ́ gùn ún, ọmọ mìíràn wà nílẹ̀ tó fẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe báyìí?" Ṣakí ni wọ́n ń lọ ní Sátidé tó ń bọ̀, ó jìn ju Ìsẹ́yìn lọ. Mo ti fi owó bọ́ọ̀sì àlọ àti àbọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó dúpẹ́, ó wá bi mí pé, "Ti ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń lọ ńkọ́?"